Leonardo da Vinci: Ẹni tí ó fi Lẹ́tà Wáṣẹ́ ní Milan

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ìdánwò àṣekágbá bá ti ń súnmọ́ etílé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó máa ń gba gbogbo ẹnu wa kan. Kò sí yàrá tí ènìyàn yóò yà sí ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní bá ẹni tí ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, tí ń fà á ya, tí ó sì tún ń kọ òmíràn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹnì kan wà tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa, ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ni mo sì mú wá fún yín ní ọdún yìí.

Leonardo da Vinci ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọnà Òyìnbó ti gbọ́ nípa àwòrán rẹ̀ kan, ti obìnrin tí ń rẹ́rìn-ín mùsẹ́, tí ó wà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris. Ṣùgbọ́n kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé ibi tí ó kàn dé yìí, Leonardo wáṣẹ́. Ó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó mọ iṣẹ́ púpọ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀gá kan tí ń fún un ní owó oṣù. Ó kọ lẹ́tà sí alágbára kan ní ìlú òkèèrè, ó sì to ohun tí ó lè ṣe sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ lẹ́tà náà ṣì wà títí di òní olónìí.

Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1452 ni wọ́n bí Leonardo ní agbègbè Vinci, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Florence ní ilẹ̀ Ítálì. Da Vinci tí ó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ kì í ṣe orúkọ bàbá. Kò ju ará Vinci lọ, bí ìgbà tí a bá ń pe ènìyàn ní ará Ìṣẹ́yìn. Ser Piero, bàbá rẹ̀, jẹ́ akọ̀wé òfin, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀ àti ìwé ogún fún ará ìlú. Caterina ni orúkọ ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò fẹ́ ara wọn. Ní ọdún kan náà tí wọ́n bí ọmọ yìí ni Ser Piero gbé ìyàwó mìíràn, Caterina náà sì lọ sí ilé ọkọ tirẹ̀ nígbà tí ó ṣe. Ní ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, bí bàbá bá ti jẹ́wọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ ilé ni. Ní Florence kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé òfin kò gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé, nítorí náà iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe kò ṣeé jogún fún Leonardo. Wọn kò rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kò gbọ́ Látìn nígbà èwe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ èdè Látìn ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé nígbà náà. Ìgbà tí ó dàgbà tán ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fúnra rẹ̀ kọ́ ọ. Bí a bá fi ojú òde òní wò ó, kò ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Ohun tí ó ní ni ọwọ́. Bàbá rẹ̀ rí i pé ọmọ náà mọ àwòrán yà, ó sì mú un lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Andrea del Verrocchio ní Florence. Ilé iṣẹ́ Verrocchio kì í ṣe ilé àwòrán nìkan. Wọ́n ń gbẹ́ ère níbẹ̀, wọ́n ń rọ idẹ, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wúrà. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó ṣe bọ́ọ̀lù bàbà ńlá tí wọ́n gbé lé góńgó orí ṣọ́ọ̀ṣì àgbà Florence ní ọdún 1471. Ọ̀nà tí wọ́n gbà jó bàbà náà pọ̀ kò kúrò lọ́kàn Leonardo. Ó ṣì ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó ti di àgbàlagbà. Ní ọdún 1472, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, ó sì tún dúró ti ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ wọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè parí iṣẹ́. Ní ọdún 1478, ìjọba Florence gbé iṣẹ́ àwòrán kan fún un láti fi ṣe ilé àdúrà wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ó gba owó àsansílẹ̀, kò ṣe iṣẹ́ náà tán. Ní ọdún 1481, àwọn mọ́ńkì San Donato tún gbé òmíràn fún un. Èyí náà kò parí. Ó ṣì wà ní Florence bí ó ti fi í sílẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ lásán àti ilà. Ní ọdún 1481 yìí kan náà ni Póòpù Sixtus Kẹrin ń kó àwọn ayàwòrán jọ láti ya ògiri ilé àdúrà tuntun tí ó kọ́ sí Róòmù. Botticelli lọ, Ghirlandaio lọ, Perugino náà lọ. Leonardo kò sí nínú wọn. Ẹni tí ó bá ti rí i tí wọ́n pe orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sí iṣẹ́ tí ó ṣẹ́ ku òun nìkan yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí lára.

Bí ilé kò bá gba ènìyàn mọ́, ọ̀nà a máa gbà á. Leonardo kọ ojú sí Milan.

Ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí ń jọba ní Milan, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n lẹ́tà náà wà. Ludovico Sforza ni. Francesco, bàbá Ludovico, jẹ́ balógun tí ń fi ogun jíjà ṣe iṣẹ́ owó. Ogun ni ó fi gba ìlú náà, tí ó sì fi di olórí rẹ̀ ní ọdún 1450. Ní ọdún 1476, àwọn kan gún ẹ̀gbọ́n Ludovico tí ó wà lórí oyè pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ọmọdé ni àrólé. Ludovico lé àwọn tí ń bá ọmọ náà ṣàkóso, ó sì gba ìṣàkóso sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ọkùnrin tí ó jókòó lórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀, tí oyè ìdílé rẹ̀ kò tíì tó ogójì ọdún, tí wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ìlú Venice sì ń bá òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ jagun ní ọdún 1482. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń rò bí ó bá sùn lóru? Kì í ṣe àwòrán.

Leonardo mọ èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ pé òun ti fara balẹ̀ wo iṣẹ́ gbogbo àwọn tí ń pe ara wọn ní ọ̀gá nínú ohun èlò ogun, òun sì rí i pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí èyí tí gbogbo ayé ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, láìba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, òun fẹ́ fi àṣírí tòun han olúwa òun. Lẹ́yìn èyí ni ó wá ń fi nọ́ńbà to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Afárá ni ó kọ́kọ́ mú: afárá tí ó fúyẹ́ tí ó sì le, tí àwọn ọmọ-ogun lè gbé kiri, tí wọ́n lè fi lé ọ̀tá tàbí kí wọ́n fi sá fún un, tí iná kò sì ní lè tètè jó. Bí wọ́n bá dó ti ìlú kan, ó mọ bí a ti í fa omi yàrà gbẹ, ó sì lè ṣe àkàsọ̀ àti ohun gbogbo tí a fi ń gun odi. Bí odi náà bá ga jù, tí àgbá kò lè wó o, ó ní ọ̀nà mìíràn, ìbáà jẹ́ pé orí àpáta ni wọ́n mọ ọ́n lé. Ó ní irú àgbá kan tí kò ṣòro gbé, tí ń da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí òjò yìnyín, tí èéfín rẹ̀ yóò sì da jìnnìjìnnì bo ọ̀tá. Ó lè gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ láìpariwo, àní bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ odò ni yóò gbà kọjá. Yóò ṣe kẹ̀kẹ́ ogun tí a bò yíká, tí yóò já wọ àárín ọ̀tá, kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè tẹ̀ lé e láìfarapa. Ibi tí àgbá kò bá ti wúlò, yóò ṣe ẹ̀rọ tí ń ju òkò. Bí ogun bá di ti ojú omi, ó ní ti ibẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ó dé nọ́ńbà 10 ni ó tó rántí pé ogun a máa parí. Ó ní ní àkókò àlàáfíà, òun lè yàwòrán ilé kí òun sì kọ́ ọ, òun sì lè darí omi láti ibì kan sí ibòmíràn. Òun lè gbẹ́ ère, yálà òkúta ni tàbí idẹ tàbí amọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú àwòrán yíyà, ohun tí ó bá ṣeé ṣe lòun yóò ṣe, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi wé òun jẹ́ ẹni tí ó wù ó jẹ́. Gbólóhùn kan péré ni. Ẹni tí gbogbo ayé ń fi orúkọ rẹ̀ búra lónìí nítorí àwòrán, gbólóhùn kan ni ó fi sọ ọ́, ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ó wá fi ohun kan kún un: ó ní wọ́n tún lè gbé iṣẹ́ ẹṣin idẹ náà fún òun, èyí tí yóò jẹ́ ògo tí kì í ṣá fún bàbá Ludovico àti fún ìdílé Sforza. Ó ti pẹ́ tí ìdílé náà ti ń gbèrò láti fi ère Francesco lórí ẹṣin ṣe ìrántí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàbá tí ó ti kú sì ni, kò sí ọmọ tí kò ní tú ara lé e. Ní ìparí, ó ní bí ohunkóhun nínú ohun tí òun kà sílẹ̀ bá dà bí èyí tí kò ṣeé ṣe, kí wọ́n dán òun wò nínú ọgbà Ludovico fúnra rẹ̀ tàbí níbikíbi tí ó bá fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò sí nínú lẹ́tà yìí. Kò sọ ibi tí wọ́n bí i sí. Kò dárúkọ bàbá rẹ̀, kò dárúkọ Verrocchio ọ̀gá rẹ̀, kò sọ iye ọdún tí ó ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Tiwa ńkọ́? A ó kọ orúkọ, ìlú, ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí a jáde níbẹ̀, a ó sì fi kún un pé a fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gbígbá àti ìwé kíkà. Ẹni tí ń ka irú ìwé yìí ti ka ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kí tiwa tó dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì tíì rí ẹni tí ó sọ fún un pé òun mọ ohun tí ń dùn ún. N kò sọ pé kí a má kọ ọjọ́ ìbí wa o, bí wọ́n bá bèèrè rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìṣòro Ludovico ni Leonardo fi ṣe olórí ọ̀rọ̀, tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tí ó fẹ́ràn jù ṣe ìrù.

Àkọsílẹ̀ tí ó wà yìí kò ní ọjọ́ lórí, a sì rí àmì àtúntò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogun ojú omi wà lẹ́yìn ìkẹrin nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 9 ni wọ́n kọ sí i, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n ń ro bí wọn yóò ṣe tún un tò. Ọwọ́ tí ó kọ ọ́ pàápàá kì í ṣe ti Leonardo. Ọlọ́wọ́-òsì ni Leonardo, láti apá ọ̀tún sí apá òsì ni ó sì máa ń kọ ìwé tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé dígí ni ènìyàn yóò gbé sí i kí ó tó lè kà á geere. Ó wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára kọ lẹ́tà yìí fún un. Mo rò pé èyí nìkan tó láti fi mọ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré.

Àwọn kan yóò bi mí pé ṣé kì í ṣe irọ́ ni ó pa. Ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀, nítorí a mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe lónìí: ẹni tí kò wọ ọ́fíìsì rí a kọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrírí, ẹlòmíràn a sì sọ máàkì rẹ̀ di ohun tí kì í ṣe. Leonardo kò sọ pé òun ti wó odi kan rí. Kò pe ara rẹ̀ ní jagunjagun. Ohun tí ó sọ ni pé òun mọ ọ̀nà rẹ̀, tàbí pé òun yóò ṣe é bí wọ́n bá fẹ́. Àwòrán irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì kún inú àwọn ìwé rẹ̀. Ó ṣe fọ́nńté, n kò ní bá a jiyàn nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá purọ́ kì í ní kí wọ́n dán òun wò nínú ọgbà.

Nígbà tí ó dé Milan, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ogun ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí ó ṣe. Giorgio Vasari, tí ó kọ ìtàn àwọn ayàwòrán ní ọdún 1550, sọ pé dùùrù fàdákà kan tí ó ṣe bí agbárí ẹṣin ni ó gbé lọ, orin ni ó sì fi wọ ààfin. Ní oṣù kẹrin ọdún 1483, ó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ kan láti ya àwòrán Màríà Wúńdíá, òun àti àwọn ọmọ ìyá méjì kan tí wọ́n jẹ́ ayàwòrán ní ìlú náà. Iṣẹ́ tí ó fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ bọ́ ọ. Ọdún bíi méje sí mẹ́jọ ni ó gbà kí ó tó di ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ ààfin gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́-ẹ̀rọ àti ayàwòrán. Nígbà tí ó yá, òun ni ó ń tọ́jú eré ìgbéyàwó: ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1490, ó ṣe ọ̀run àtọwọ́dá kan fún wọn, pẹ̀lú àwọn ìràwọ̀ tí ń yí.

Iṣẹ́ ẹṣin náà bọ́ sí i lọ́wọ́, èyí sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìtìjú bá a. Ohun tí ènìyàn bá kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́, wọn yóò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní oṣù keje ọdún 1489, aṣojú Florence ní Milan kọ̀wé sílé pé Ludovico ń wá ọ̀gá kan tàbí méjì mìíràn fún ère náà, nítorí pé kò dá a lójú pé Leonardo lè ṣe é yọrí. Ọmọ ogójì ọdún ó dín mẹ́ta ni nígbà náà. Ní oṣù kẹrin ọdún kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹṣin náà lákọ̀tun. Ní ọdún 1493, wọ́n gbé èyí tí ó fi amọ̀ mọ síta fún gbogbo ènìyàn wò, ó ga ju mítà 7 lọ, ẹnu sì ya gbogbo ìlú. Ó ku kí wọ́n fi idẹ rọ ọ́. Wọ́n ti kó idẹ jọ. Ní ọdún 1494, ogun Faransé wọ Ítálì, Ludovico sì kó idẹ náà ránṣẹ́ sí àna rẹ̀ ní Ferrara kí ó fi rọ àgbá.

Leonardo kò bá a jà. Lẹ́tà mìíràn wà tí ó kọ sí Ludovico, tí ìwé rẹ̀ ti fà ya sí méjì, tí ó fi jẹ́ pé ìlàjì ìlàjì gbólóhùn ni ó kù. Nínú rẹ̀ ni ó ti ń sọ pé òun kò ní sọ nǹkan kan nípa ẹṣin, nítorí òun mọ bí ìgbà ṣe rí. Ó sì ń rán olúwa rẹ̀ létí pé owó ọdún méjì ṣì wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì san. Lẹ́tà àkọ́kọ́ kún fún ìgbéraga, èyí kún fún sùúrù. Bí mo bá ní láti yan èyí tí ó fi ìgbésí-ayé òṣìṣẹ́ hàn jù nínú méjèèjì, èyí tí ó ya yìí ni n ó mú.

Láàárín ọdún 1495 sí 1498, ó ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sí ara ògiri ní Santa Maria delle Grazie. Ní ọdún 1499, àwọn Faransé gba Milan. Àwọn tafàtafà wọn fi ẹṣin amọ̀ náà ṣe ohun tí wọ́n ń ta ọfà sí títí ó fi bàjẹ́. Ọwọ́ tẹ Ludovico ní ọdún 1500, inú àtìmọ́lé ní ilẹ̀ Faransé ni ó kú sí ní ọdún 1508.

Ẹni àádọ́ta ọdún ni Leonardo kí iṣẹ́ tí ó fi wáṣẹ́ ní Milan tó dé ọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ, ọdún 1502, Cesare Borgia, ọmọ Póòpù, fún un ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́-ẹ̀rọ àgbà, pé kí gbogbo odi ìlú ṣí sílẹ̀ fún un láti yẹ̀ wò. Máàpù ìlú Imola tí ó yà ní àkókò náà ṣì wà. Kò pẹ́ tí ó fi tún kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mìíràn, sí Sultan Bayezid Kejì ní Istanbul lọ́tẹ̀ yìí, pé òun lè kọ́ afárá láti Galata dé Istanbul. Ọdún 1952 ni wọ́n rí ẹ̀dà rẹ̀ ní èdè Tọ́kì nínú àwọn ìwé ààfin Topkapı. Wọn kò gbé iṣẹ́ náà fún un. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà kọ́ àwòṣe kékeré afárá náà bí ó ti yà á, ó sì dúró láìsí pé wọ́n fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ní òpin ayé rẹ̀, François Kìn-ín-ní, ọba Faransé, pè é sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ní Amboise, ó fún un ní ilé àti owó ọdọọdún. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 1519. Àwọn ìwé rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀, Francesco Melzi. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni Pompeo Leoni kó púpọ̀ nínú wọn pọ̀ sínú ìwé ràgàjì kan, lẹ́tà Ludovico sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1637 ni ìwé náà ti wà ní ilé-ìkàwé Ambrosiana ní Milan, àfi ìgbà tí Napoleon kó o lọ sí Paris tí wọ́n sì tún dá a padà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, ẹṣin idẹ kan dé Milan láti Amẹ́ríkà, ó ga ju mítà 7 lọ. Charles Dent, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó dá ètò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú, Nina Akamu sì ni ó mọ ọ́n. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí pápá ìsáré ẹṣin San Siro, níbi tí ó wà títí di òní. Francesco Sforza kò sí lẹ́yìn rẹ̀.